Ọ̀fẹ́ Tàbí Òmìnira? Àgbéyẹ̀wò Ìjà Linux àti Windows Lórí Kọ̀ǹpútà Ilé-Ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwa olùkọ́ èdè sábà máa ń fi sílẹ̀ fún àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà: ta ni ó ni ètò tí ń darí ẹ̀rọ tí a fi ń kọ́ ọmọ? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni èdè Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ‘ọ̀fẹ́’ àti ‘òmìnira’, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àṣìlóye nípa Linux ti bẹ̀rẹ̀. Yorùbá kò ní ìṣòro yìí. Ohun tí Richard Stallman ti ń jà fún láti ọdún 1983, tí ètò tí Linus Torvalds gbé jáde ní 1991 sì wá fún lágbára, òmìnira ni: kí ẹnikẹ́ni lè wo inú ètò náà, kí ó tún un ṣe, kí ó sì pín in fún ẹlòmíràn. Pé a kì í sábà sanwó fún un, àfikún ni ìyẹn.

Ní ọdún 2007, Mandriva, ilé-iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Faransé, ṣe àdéhùn pé Linux ni yóò wà lórí 17,000 kọ̀ǹpútà Classmate tí Intel ṣe, tí wọ́n fẹ́ kó wá sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Nàìjíríà. Kò pẹ́ tí a fi gbọ́ pé olùpèsè ẹ̀rọ náà níhìn-ín fẹ́ fi Windows rọ́pò rẹ̀. Ìròyìn ìgbà náà ni pé Microsoft ń bá olùpèsè yìí dúnàádúrà lórí 400,000 dọ́là fún ìpolówó. François Bancilhon, ọ̀gá Mandriva, kọ lẹ́tà gbangba sí Steve Ballmer. Níkẹyìn, àjọ USPF tí ó sanwó 11,000 nínú ẹ̀rọ náà sọ pé Linux ni òun fẹ́ lórí tòun. A kò rí ohùn olùkọ́ kankan nínú ìròyìn náà.

Àríwísí wa sí àwọn alátìlẹ́yìn Linux ni pé owó ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Níbi tí àdàkọ Windows tí kò gbàṣẹ ti wọ́pọ̀ bí ẹní fowó ra gúgúrú, ta ni yóò tìtorí owó fi í sílẹ̀? Ẹni tó lẹrú ló lẹrù. Ibẹ̀ gan-an ni kókó wà. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn fún Windows 10 dúró, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́ ni kò kún ojú òṣùwọ̀n Windows 11. Ẹ̀rọ kò bàjẹ́. Ẹni tó ni ètò ló pàṣẹ. Linux ṣì lè ṣiṣẹ́ lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí ó bá ní òun kò rí Linux rí, kí ó wo àpò rẹ̀: òun ni ìpìlẹ̀ Android. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ohun tí Google kó lé e lórí ni ó wà ní gbangba, nítorí náà gbígbajúmọ̀ yàtọ̀ sí òmìnira.

Ní ti èdè, Microsoft pàápàá ti gbé ojú-ìwé Yorùbá jáde fún Windows 7. Linux ní àtẹ ìtẹ̀wé Nàìjíríà tí ó ní ẹ̀ka Yorùbá, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ inú rẹ̀ kò tíì dé ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ ní Ìwó fi lè lò ó láìfi Gẹ̀ẹ́sì ràn án lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni kò dí wa lọ́nà. Nínú iṣẹ́ àṣekágbá tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ NCE ẹ̀ka Yorùbá ń kọ lọ́dọọdún, ìtumọ̀ apá kan péré nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú àlàyé lórí ọ̀rọ̀ tuntun tí akẹ́kọ̀ọ́ ṣẹ̀dá, tó iṣẹ́ tí a lè gbà wọlé.