Ṣé Kí Àwọn Ọmọ Wa Wò Ó? Àgbéyẹ̀wò Fíìmù Funmilayo Ransome-Kuti

Nínú ilé wa ní Abẹ́òkúta, òfin kan wà lórí fíìmù: èmi tàbí bàbá wọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá a wò kí àwọn ọmọ tó wò ó. Àwọn ọmọ wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò fẹ́ràn òfin yìí rárá. Àkọ́bí wa tó jẹ́ ọmọ ọdún 13 sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Mọ́mì, ẹ̀yin náà ti di ìjọba nílé yìí." Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. Ìjọba àpapọ̀ ní ìgbìmọ̀ tó ń yẹ fíìmù wò, èyí tí òfin ọdún 1993 dá sílẹ̀, wọ́n sì máa ń fi àmì ọjọ́ orí sára fíìmù. Àmì yẹn wúlò, ṣùgbọ́n kò mọ ọmọ tèmi. Kò mọ èyí tí ẹ̀rù máa ń bà lóru nínú wọn, kò sì mọ ohun tí à ń kọ́ wọn níbi àdúrà àárọ̀. Iṣẹ́ òbí nìyẹn, nítorí ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Fíìmù tó dán òfin wa wò jù lọ ni Funmilayo Ransome-Kuti, tí Bolanle Austen-Peters darí, tó dé ilé sinimá ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024. Kehinde Bankole ló ṣe Funmilayo nígbà tó di olùkọ́ àti ìyàwó ilé, Joke Silva ló ṣe é ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, Ibrahim Suleiman sì ṣe ọkọ rẹ̀, Àlùfáà Israel. Ìtàn ìlú wa ni. Ọdún 1900 ni wọ́n bí Funmilayo ní Abẹ́òkúta. Ó wà lára àwọn ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tó wọ Abeokuta Grammar School ní ọdún 1914. Òun náà ló kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ láti kọ owó orí, títí Aláké, Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, fi fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1949.

Nígbà tí mo dá fíìmù náà wò, mo kọ́kọ́ rí ohun tó dùn mọ́ mi nínú gẹ́gẹ́ bí Kristẹni. Tọkọtaya tí fíìmù yìí fi hàn wá bọ̀wọ̀ fún ara wọn. Olùkọ́ ni àwọn méjèèjì. Àlùfáà ni ọkọ, òun sì ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Nàìjíríà, ṣùgbọ́n kò sọ pé kí iná ìyàwó òun kú kí tòun lè máa jó. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù tí àwọn ọmọ wa ń wò, bí ọkọ kò bá na ìyàwó, ìyàwó á máa wá oògùn sí oúnjẹ ọkọ. Mo fẹ́ kí ọmọkùnrin mi rí irú ọkọ tí Àlùfáà Israel jẹ́.

Ohun kejì ni ọ̀nà tí Funmilayo gbà bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn ìyálé ọ̀mọ̀wé ló kọ́kọ́ ní. Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà ní ìwé ló tó gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wọn, ó sì ṣílẹ̀kùn ẹgbẹ́ náà fún wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe di Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta ní ọdún 1946. Ẹni tó kàwé jókòó ti ẹni tí kò kàwé, ó sì fetí sí i. Ìwàásù ni èyí, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ gun orí àga ìwàásù.

Àmọ́ nǹkan méjì wà tó mú kí n dá ọwọ́ dúró.

Àkọ́kọ́ ni ìyà tí àwọn agbowó-orí fi jẹ àwọn obìnrin. Láti ọmọ ọdún 15 ni ọmọbìnrin ti ń san owó orí nígbà náà. Ìtàn sì sọ pé nígbà mìíràn, wọ́n máa ń tú aṣọ lára ọmọbìnrin láti mọ̀ bóyá ó ti dàgbà tó ẹni tí wọ́n lè gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé èyí fún ọmọ ọdún 9? Mo pinnu pé bí fíìmù bá dé ibi tí wọ́n ti ń fìyà jẹ obìnrin, màá sáré fò ó kọjá.

Ìyá ọkọ mi ló yí ìpinnu yẹn padà. Ó wà pẹ̀lú wa lálẹ́ ọjọ́ tí a wo fíìmù náà. Àdìrẹ ni ìyá tirẹ̀ ń tà ní Ìtòkú. Bí mo ṣe na ọwọ́ láti fò ó, màmá ní kí n fi í sílẹ̀. Ó yíjú sí ọmọ mi obìnrin, ó ní, "Wọ́n ṣe é fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí ó fi darúgbó. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ tú aṣọ lára rẹ, kígbe, kí o sì wá sọ fún wa." Ọ̀rọ̀ kò jáde lẹ́nu mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá bí mo ṣe máa bá ọmọ náà sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá àgbà fi gbólóhùn bíi mélòó kan sọ ọ́ tán. Ohun tí mo fẹ́ fi pa mọ́ fún ọmọ mi ni ohun tó yẹ kó mọ̀ láti dáàbò bo ara rẹ̀.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ọba. Àbíkẹ́yìn wa bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé ó dáa kí èèyàn fi orin bú Kábíyèsí?" Ọmọ Ẹ̀gbá ni, ó ti rí bàbá rẹ̀ tó dọ̀bálẹ̀ fún ọba. Wọ́n sì ti kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi pé kí a máa tẹrí ba fún àwọn aláṣẹ, gẹ́gẹ́ bí ìwé Róòmù orí 13 ti wí. N kò dá a lóhùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì, mo sọ ìtàn àwọn agbẹ̀bí tó kọ̀ láti pa ọmọ àwọn Hébérù bí Fáráò ti pàṣẹ fún wọn. Mo sọ ti Nátánì tó fi ẹ̀ṣẹ̀ Dáfídì hàn án lójú ara rẹ̀, tí kò sì bú u. Mo ní ohun tí àwọn obìnrin náà béèrè tọ́, ṣùgbọ́n èmi kò ní kọ gbogbo orin tí wọ́n kọ. Mo tún fi kún un pé ní ọdún 1950, Aláké padà sórí ìtẹ́, ìlú sì gbà á. A lè kọ ìwà ibi kí a má kórìíra ẹni tó hù ú. Bí òbí kò bá sọ apá yìí, ọmọ lè rò pé fíìmù ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán.

Mo ní àròyé díẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ jù nínú fíìmù náà fún mi. Funmilayo fúnra rẹ̀ a máa mọ̀ọ́mọ̀ sọ Yorùbá fún àwọn aláṣẹ òyìnbó, a sì máa wọ ìró àti bùbá. Ì bá dára kí ọmọ wa gbọ́ ọ ní èdè tó fi jà. Ì bá sì wù mí kí ó pẹ́ díẹ̀ sí i lórí ìgbàgbọ́ tó wà nínú ilé àlùfáà yẹn, kí ọmọ mọ̀ pé ìgboyà ìyá yìí kò ṣẹ̀yìn àdúrà àti ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi tọ́ ọ.

Ní ọdún 2024 kan náà ni fíìmù Lisabi: The Uprising jáde lórí Netflix. Òun náà sọ bí Ẹ̀gbá ṣe kọ ìwọ̀sí àti owó tí wọ́n ń fi tipátipá gbà. Akọni ni Líṣàbí, ṣùgbọ́n idà àti ẹ̀jẹ̀ ló gba iwájú nínú fíìmù tirẹ̀, mo sì ní kí àwọn ọmọ mi dàgbà sí i ná. Ohùn, ẹsẹ̀ àti ìṣọ̀kan ni àwọn obìnrin ọdún 1947 fi jà. Ìdí nìyí tí mo fi rí i pé ti Funmilayo ló kọ́kọ́ yẹ ọmọdé.

Ìdájọ́ mi nìyí. Ọmọ ọdún 12 sókè lè wò ó, kí àgbà jókòó tì í. Èyí tó kéré sí i lè wò ó bí òbí bá ti kọ́kọ́ dá a wò, tó sì ti múra ìdáhùn sílẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ohun tí mo máa ń béèrè nípa fíìmù ni pé, "Ṣé ohun burúkú wà nínú rẹ̀?" Bíbélì tí à ń kà nílé pàápàá kò ní yege bí a bá fi ìbéèrè yẹn dán an wò. Ní báyìí, mo máa ń béèrè pé: ṣé fíìmù yìí pe ibi ní ibi? Ta ló sì máa jókòó ti ọmọ mi nígbà tó bá ń wò ó? Òfin ilé wa kò tíì yí padà. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí, bí mo bá ti dá fíìmù kan wò tán, mo máa ń pe ìyá ọkọ mi kí n tó pe àwọn ọmọ.