“Ó Lè Jẹ́ Píparí Pé”: Ta Ló Parí Rẹ̀?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi tí ẹ ń kọ ìwádìí ní èdè Yorùbá, ẹ jẹ́ ká yẹ ìpínrọ̀ tó kẹ́yìn nínú iṣẹ́ wa wò. Ibẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ti máa ń yọjú jù. Ọ̀rọ̀ á jẹ́ ti Yorùbá, àmì ohùn á pé, ṣùgbọ́n ìhun gbólóhùn á jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì.

Ká ní ọ̀kan nínú wa lọ sí Union City, ìlú kan ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Atlanta, ní ìpínlẹ̀ Georgia. Ó fọ̀rọ̀ wá àwọn ọ̀dọ́ tí òbí wọn jẹ́ Yorùbá lẹ́nu wò nípa bí wọ́n ṣe ń kí àgbà. Nígbà tó fẹ́ kádìí iṣẹ́ rẹ̀, ó kọ ọ́ báyìí: “Ní ìparí, ó lè jẹ́ píparí pé àwọn àbájáde náà dábàá pé ìkúnlẹ̀ ti di dídínkù.”

Ẹ kà á sókè, ẹ ó gbọ́ ibi tó ti kọsẹ̀. Àkọ́kọ́, “ó lè jẹ́ píparí pé”. Gẹ̀ẹ́sì lè fi olùṣe pamọ́ sẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe. Tí Yorùbá kò bá fẹ́ dárúkọ olùṣe, “wọ́n” tàbí “a” ló máa ń lò: “Wọ́n ti jí mọ́tò náà gbé.” Yàtọ̀ sí èyí, ká parí nǹkan ni ká ṣe é tán. Ẹni tó parí ìwádìí kò tíì sọ ohun tó rí níbẹ̀.

Èkejì, “àwọn àbájáde náà dábàá”. Ènìyàn ló ń dábàá, bóyá nínú ìpàdé. Àbájáde kò lẹ́nu. Tí ohun tí ẹ rí kò bá dá yín lójú tán, “ó jọ pé” wà, “ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé” náà wà.

Ẹ̀kẹta, “ti di dídínkù”. “Ti dínkù” ti tó.

Ẹ wo ọ̀nà mìíràn: “Nínú ohun tí àwọn ọ̀dọ́ tí mo bá sọ̀rọ̀ sọ, ó jọ pé ìkúnlẹ̀ ń dínkù láàárín wọn.” Òǹkàwé ti mọ ẹni tó sọ ọ́, ẹni tó gbọ́ ọ, àti bó ṣe dá a lójú tó. Tó bá kan ìdí, ẹ má kọ “ìdí fún èyí jẹ́ nítorí pé”. Ẹ lo “ni”: “Jíjìnnà sí ìyá àgbà ló fà á.” “Ni” máa ń gbé kókó ọ̀rọ̀ síwájú, ibi tó yẹ kí kókó wà.

Ẹnì kan á ní èdè ń dàgbà. Òótọ́ ni. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú apá kìíní rẹ̀ ní 1984, bá wa wá orúkọ fún ọ̀pọ̀ ohun tí a kò ní orúkọ fún tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n wíwá orúkọ yàtọ̀ sí yíyá ìhun gbólóhùn. Èmi kò bá “ní ìparí” jà o. Òun àti “lákòótán” ti di tiwa.

Ẹ má sì sá fún Gẹ̀ẹ́sì kí ẹ lọ fi òwe nìkan kádìí. Lóòótọ́, àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀ á di odindi. Ìyẹn dára nínú ìpàdé ẹbí. Odindi ni òǹkàwé ìwádìí ń retí lọ́wọ́ yín.

Àwọn òbí tí ẹ lo ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ wọn lè ka iṣẹ́ yín lọ́la. Tí wọ́n bá dé ìpínrọ̀ tó kẹ́yìn, tí wọn kò rí ohun tí ẹ sọ nípa àwọn ọmọ náà dì mú, ta lẹ wá kọ Yorùbá yẹn fún? Nítorí náà, kí ẹ tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kan pẹ̀lú “mo rí i pé”. Tí ẹ kò bá lè parí rẹ̀, ẹ padà sídìí ìwádìí yín.