Ohùn tí ó yẹ Ọ̀ṣẹ́túrá: Àríwísí lórí àtúndá fíìmù akọni

Akọni alágbára tí ó jáde nínú fíìmù kan, tí ó sì tún padà nínú òmíràn, kì í ṣe àjèjì nínú sinimá Yorùbá. Kí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Ṣàgámù àti Ìkẹ́nnẹ́ tí ń wo Superman lórí fóònù lónìí tó dáyé ni Hubert Ògúǹdé, ọmọ Òsòsà tí kò jìnnà sí ilẹ̀ Rẹ́mọ, ti gbé Ọ̀ṣẹ́túrá kalẹ̀. Babaláwo ni, Ògúǹdé fúnra rẹ̀ ni ó sì ṣe é nínú Ayé (1979) àti Jáiyésinmi. Ní àsìkò yìí tí àwọn olóòtú Nàìjíríà ń padà sí fíìmù àtijọ́, bí wọ́n ti padà sí ìtàn Living in Bondage (1992) ní 2019, ìbéèrè kan kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀: bí Ọ̀ṣẹ́túrá bá padà, ohùn wo ni yóò fi sọ̀rọ̀?

Ìrírí àwọn ará Amẹ́ríkà lè là wá lójú. Batman & Robin (1997) fi akọni rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ débi pé ọdún mẹ́jọ kọjá kí Batman Begins (2005) tó tún un gbé dìde pẹ̀lú ojú líle. Ojú líle náà bá Batman mu, nítorí ọmọ òrukàn tí ọ̀fọ̀ òbí ń jẹ lọ́kàn ni. Nígbà tí Man of Steel (2013) gbé irú òkùnkùn bẹ́ẹ̀ wọ Superman, ọ̀pọ̀ òǹwòran ráhùn pé ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu akọni tí wọ́n mọ̀. Fíìmù ti 2025 ni ó wá dá ọ̀yàyà rẹ̀ padà. Ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Inú ìtàn akọni fúnra rẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ti gbọ́dọ̀ jáde.

Orí ìtàgé ni ohùn Ọ̀ṣẹ́túrá ti wá. Láti 1944 ni Ògúǹdé ti ń fi orin, ijó àti ìlù pa ìtàn, nígbà tí ó sì fa iṣẹ́ náà wọ inú sinimá, tí Ọlá Balógun darí Ayé, orin àti ọfọ̀ ṣì ni òpó ilé náà. Ọ̀nà méjì ni àtúndá lè gbà ba òpó yìí jẹ́. Èkíní ni ẹ̀fẹ̀: àwọn eré kéékèèké orí íntánẹ́ẹ̀tì ti sọ babaláwo di aláwàdà, bí Ọ̀ṣẹ́túrá bá sì bọ́ sí ẹsẹ̀ wọn, ọfọ̀ rẹ̀ yóò di wótòwótò. Èkejì ni ariwo: kí a máa fi kọ̀ǹpútà da iná sí ojú àwòrán nígbàkígbà tí ó bá yanu. Ẹni tí ó dàgbà sí Ṣàgámù mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ títì àti igbe òkèèrè ni ẹ̀rù Orò fi ń wọni lára. Ojú kò rí i, ara ti gbọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí ó wúwo ju ọgbọ́n ìṣeré lọ. Àjẹ́ ni ọ̀tá Ọ̀ṣẹ́túrá, ara obìnrin ni a sì fi ṣe àwòrán wọn. Ní ìgboro, ìyá arúgbó tí ń gbàgbé nǹkan, tí ń dá sọ̀rọ̀ lóru, ni a máa ń kọ́kọ́ nàka sí. Àtúndá tí ó bá le ojú koko yóò fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀sùn náà. Èyí tí ó bá ń ṣẹ̀fẹ̀ yóò sọ ọ́ di eré.

Orúkọ akọni náà ni ó fi ọ̀nà àbáyọ hàn. Nínú odù Ọ̀ṣẹ́túrá, àwọn irúnmọlẹ̀ mẹ́rìndínlógún tí wọ́n jẹ́ ọkùnrin sọ̀ kalẹ̀ wá tún ayé ṣe, wọn kò sì ka Ọ̀ṣun, ìkẹtàdínlógún wọn, sí. Gbogbo ohun tí wọ́n dáwọ́ lé dàrú. Olódùmarè ní kí wọ́n padà lọ bẹ̀ ẹ́, ọmọkùnrin tí Ọ̀ṣun sì bí lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀ náà ni a sọ ní Ọ̀ṣẹ́túrá. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ ìlàjà ni Ògúǹdé rán sí ogun àwọn ìyá.

A lè jiyàn pé bí ogun bá kúrò, ìwàásù ni yóò kù. Odù náà kò gbà bẹ́ẹ̀: ìbínú Ọ̀ṣun le, ìtìjú àwọn irúnmọlẹ̀ pọ̀, ayé sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́ kí wọ́n tó kúnlẹ̀. Ìjà wà níbẹ̀ tí ó tó fíìmù. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé akọni ibẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ẹ̀bẹ̀ bí ó ti mọ ọfọ̀, kí ó sì lè rẹ́rìn-ín sí ara rẹ̀ láìfi awo rẹ́rìn-ín. Olóòtú tí ó bá rí ohùn yẹn ti rí Ọ̀ṣẹ́túrá. Ẹni tí kò bá rí i, kí ó wá orúkọ mìíràn fún akọni tirẹ̀.