Fadá Moran ní Atakpamé

Ẹni tó bá ti Lomé ní Togo gba títì ńlá gòkè, tó kọjá Notsé, yóò gba Glei kọjá kó tó dé Atakpamé. Àwọn Ifẹ̀ ló ń gbé níbẹ̀, àwọn tí èdè wọn bá tiwa tan, tí wọ́n sì ń tọpa orírun wọn dé Ilé-Ifẹ̀. Iṣu, àgbàdo àti òwú ni wọ́n ń gbìn. Àgbègbè yìí ni Fadá Jeremiah Moran, ọmọ Ireland, kú sí ní ọdún 1887.

Ẹgbẹ́ SMA, ẹgbẹ́ àwọn míṣọ́nnárì Kátólíìkì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lyon ní 1856, ló rán an níṣẹ́. Wọ́n ti mọ ikú tipẹ́ nínú ẹgbẹ́ náà. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Brésillac, olùdásílẹ̀ rẹ̀, gúnlẹ̀ sí Freetown ní oṣù Karùn-ún 1859, àjàkálẹ̀ ibà apọ́njú ń pa ará ìlú lọ bẹẹrẹ. Ọ̀gá ọkọ̀ ní kó má sọ̀kalẹ̀. Ó sọ̀kalẹ̀. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ, ó kú. Síbẹ̀ àwọn tó kù kò padà lẹ́yìn iṣẹ́: wọ́n dé Whydah ní 1861, Èkó ní 1868, Agoué ní 1874.

Láti Agoué létí òkun ni Moran àti fadá kan ti gòkè lọ sí Atakpamé ní 1886. Ìrìn náà ju 100 kìlómítà lọ, kò sì tíì sí rélùwéè. Ìtàn ìjọ sọ pé májèlé ni wọ́n fi pa á lọ́dún kejì. Ohun tó wọ̀ mí lára jù nìyí. Ẹni tí wọ́n yọ idà sí rí idà. Ṣùgbọ́n àlejò lójú, kò fi ríran. Omi tí wọ́n bù fún un, yóò mu ún. Oúnjẹ tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀, bó bá kọ̀ ọ́, ó ti fi àbùkù kan onílé, ta ni yóò tún gbọ́ ìwàásù rẹ̀? Ojoojúmọ́ ni Moran ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ lé onílé lọ́wọ́, tọkàntọkàn ló sì fi ń ṣe é.

N kò torí èyí pe Atakpamé ní ìlú ìkà. Ẹni tó ń ṣọ́ ohun tí baba rẹ̀ fi sílẹ̀ kò ní ṣàìfura sí àjèjì. Mo kàn mọ̀ pé ẹni tó kú yìí kò wá jà.

Ìfara-ẹni-jìn tún wà tó ń pẹ́ kó tó parí. Fadá Coquard, ọmọ ẹgbẹ́ kan náà, ṣètọ́jú aláìsàn l'Ábẹ́òkúta, níbi tí ilé ìwòsàn Sacred Heart ti bẹ̀rẹ̀ ní 1895, títí ó fi kú ní 1933. Lójú tèmi, ajẹ́rìíkú lòun náà.

Ní ti Atakpamé, ó di dáyọ́sísì ní 1964, Bernard Oguki-Atakpah sì ni bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìtàn ìjọ láàárín àwa ọmọ Oòduà, ẹ má parí rẹ̀ sí Badagry àti Abẹ́òkúta. Ẹ kọ orúkọ Moran sí i.