Sítíárìn Nìkan Kọ́ Ni Mọ́tò

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọgbọ́n ẹni tó ṣe mọ́tò kan ti tó, kí ó má wo bọ́dì rẹ̀, kí ó má sì wo bí ó ṣe ń sáré. Àwọn nǹkan kéékèèké ni kí ó wò. Àmọ́ ta ní ń wò wọ́n? Ẹni tó lọ ra tòkunbọ̀ yóò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, yóò tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì bíi dókítà, yóò fi ẹsẹ̀ ta táyà lẹ́ẹ̀mejì, yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í ná owó. Kò ní jókòó sídìí sítíárìn kí ó bi ara rẹ̀ pé, bí òjò bá dé lójijì lóru, kí ni ọwọ́ mi yóò kọ́kọ́ bà? Ìgbà tó bá sanwó tán, tí mọ́tò ti di tirẹ̀, ni àlébù yóò tó máa yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan, bí èèrà tó gbóòórùn ṣúgà.

Kò sí mọ́tò tí kò ní tirẹ̀. Àwọn àgbà àárín wa kò tíì gbàgbé Ìjàpá, ìyẹn Volkswagen tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Ọ̀jọ́ níbí ní 1975. Mọ́tò tó gbó tó sì tọ́ ni, mi ò ní bú u. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí àwọn ará Jámánì ṣe sí i nígbà kan. Omi tí dírẹ́bà fi ń fọ gíláàsì iwájú, afẹ́fẹ́ inú sípíà táyà ló ń tì í jáde. Wọ́n fa rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ láti ara táyà yẹn lọ sínú ike omi. Ọgbọ́n ni, àbí? Lóòótọ́, wọ́n fi fáàfù kan sí i tí kò ní jẹ́ kí afẹ́fẹ́ náà tán pátápátá. Síbẹ̀, bí èèyàn bá ti ń fọ gíláàsì títí, tí kò sì rántí sípíà, ọjọ́ tí táyà bá jò ni yóò mọ̀ pé gíláàsì tó mọ́ ti jẹ nínú táyà tó kù. Tánkì epo bẹntiróòlù rẹ̀ ń kọ́? Iwájú ló wà, lókè ẹsẹ̀ àwọn tó jókòó síwájú. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Lóde òní, ẹ wo Camry tí gbogbo Èkó ń pè ní Muscle, èyí tí wọ́n ṣe láti 2007 títí dé 2011. Dáṣíbọ́ọ̀dù ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í bá oòrùn rẹ́. Bí oòrùn bá ti pa á fún ọdún mélòó kan, á máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ bíi gọ́ọ̀mù, á máa dán gbinrin, á sì máa ju ìmọ́lẹ̀ sí gíláàsì iwájú títí dírẹ́bà kò fi ní ríran dáadáa. Ní Amẹ́ríkà, àwọn oníbàárà ké gbàjarè, Toyota sì gbà láti bá wọn pààrọ̀ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún sáà kan. Bákan náà ni wọ́n ṣe fún àwọn tí ẹ́ńjìnnì 2.4 wọn ń mu ọ́ìlì bí ọ̀mùtí. Tòkunbọ̀ tó bá dé Ẹ̀gbẹ́dá ti fi irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn òkun.

Àwọn wọ̀nyẹn, ẹ̀bi ẹni tó ṣe mọ́tò ni. Ó gbàgbé nǹkan kan. Ṣùgbọ́n irú àlébù kan wà tí kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó ṣe é rárá, òun ló sì ń bí mi nínú jù. Mọ́tò á dára nílé rẹ̀, nǹkan gbogbo á wà ní àyè ara wọn. A ó wá gbé e wá síbí, a ó yí sítíárìn rẹ̀ láti ọ̀tún sí òsì, a ó sì máa ṣe bí ẹni pé sítíárìn nìkan ló mọ ọ̀tún mọ òsì nínú mọ́tò. Kòròpé ni mò ń bá wí.

Ẹni tó bá ń gbé Alímọ̀ṣọ́ kò lè sá fún kòròpé. Ìkòtún sí Ìgàndó, Ìdímù sí Ẹ̀gbẹ́dá, Ìkòtún sí Ìjẹ̀gún, òun ló ń gbé wa. Ó ń wọ àdúgbò tí dáńfò kì í fẹ́ wọ̀, kì í sì í pẹ́ kó tó kún. Mi ò ní jẹ epo tán kí n wá sọ pé epo kò dùn. Japan ló ti wá. Àwọn bíi Suzuki àti Daihatsu ló ń ṣe irú rẹ̀, òfin ibẹ̀ lórí ọkọ̀ kékeré ló sì fún un ní ìwọ̀n tó ní: gígùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju mítà 3.4 lọ, fífẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju mítà 1.48, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 660 cc. Èèyàn tó gbọdọ̀ wà nínú rẹ̀ kò ju 4 lọ, ẹrù tí irú èyí tó ń kó ẹrù lè gbé kò sì ju kílò 350. Páálí àti ẹ̀fọ́ ni wọ́n fi ń kó lójú ọ̀nà tóóró, láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù. Fún iṣẹ́ yẹn, mo gbóṣùbà fún un.

Ní Ìkòtún ń kọ́? Mẹ́ta lẹ́yìn, mẹ́ta láàárín, ẹnì kan níwájú, nígbà mìíràn méjì, àti dírẹ́bà. Ẹ jẹ́ ká tilẹ̀ sọ pé mẹ́jọ ni wá, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì wọn kílò 70. Kílò 560 nìyẹn, a ò tíì ka àpò gàrí ìyá tó ń bọ̀ láti ọjà. Ìdí nìyẹn tí bíréèkì rẹ̀ fi máa ń ké bí ọmọ ẹran bí a bá ti ń sọ̀ kalẹ̀.

Ibi tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà náà, ẹ mọ̀ ọ́n, ìdí yín ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Abẹ́ ìjókòó iwájú ni. Ní ìlú tí yìnyín ti ń bọ́, tí dírẹ́bà nìkan sábà ń wà níwájú, ìgbóná díẹ̀ lábẹ́ ìdí lè jẹ́ ohun ìtura. Nínú gósíló Ìkòtún ní agogo méjì ọ̀sán, ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Bí omi bá sì gbẹ nínú ẹ́ńjìnnì, kò sí bọ́nẹ́ẹ̀tì tí dírẹ́bà máa ṣí, èrò ló máa dìde. Mo gbọ́ nígbà kan tí dírẹ́bà ń bẹ ìyá àgbàlagbà kan pé, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, mo fẹ́ bu omi sí i.” Ìyá ní, “Ìwọ ọmọ yìí, o wá gbé mi ka iná látàárọ̀ bí ìkòkò ọbẹ̀?” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo wo ilẹ̀kùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ohun tí a fi ń ṣí i láti inú ti kán, ẹni tó bá fẹ́ jáde gbọ́dọ̀ na ọwọ́ gba ojú fèrèsé kí ó ṣí i láti ìta. Iná lábẹ́ ìjókòó, ilẹ̀kùn tí kì í ṣí láti inú. Japan kọ́ ló kán ọwọ́ ilẹ̀kùn yẹn, àwa ni.

Ẹ wá jẹ́ ká dé orí ọ̀rọ̀ ọ̀tún àti òsì. Ọwọ́ òsì ni àwọn ará Japan ń gbà lójú títì, nítorí náà ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn wọn wà. Àwa náà ń gba ọwọ́ òsì tẹ́lẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́ wa, títí di ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972, nígbà tí gbogbo Nàìjíríà yí sí ọwọ́ ọ̀tún. Òfin ìrìnnà wa kò fẹ́ sítíárìn ọwọ́ ọ̀tún. Kòròpé tó bá dé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì àti wẹ́dà. Wọ́n á gé irin, wọ́n á lu ihò tuntun, wọ́n á jó irin pọ̀, wọ́n á gbé sítíárìn àti bíréèkì àti kúlọ́ọ̀ṣì bọ́ sí òsì. Ọwọ́ àwọn ọmọ wa dá ṣáṣá o! Ẹlòmíràn á wọ̀ ọ́ kò ní mọ̀ pé wọ́n ti gé e rí.

Ṣùgbọ́n ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà kí ẹ máa wo ọwọ́ rẹ̀. Nínú ọkọ̀ Japan, ọwọ́ ọ̀tún ni irin tiráfíkétọ̀ wà, ti wáípà wà lọ́wọ́ òsì. Nínú ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà tàbí Jámánì, òdìkejì rẹ̀ ni. Nínú ọ̀pọ̀ kòròpé tí mo ti wọ̀, wọ́n kàn gbé gbogbo rẹ̀ sọdá bó ṣe wà ni. Dírẹ́bà tó ti wa dáńfò fún ọdún mẹ́wàá á fẹ́ yà sọ́wọ́ òsì níwájú ọsibítù ìjọba ní Ìgàndó, á na ọwọ́ sí tiráfíkétọ̀, wáípà á bẹ̀rẹ̀ sí í jó lórí gíláàsì gbígbẹ: wẹ́rẹ́, wẹ́rẹ́. Ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn kò rí àmì kankan. “Ṣé òjò ń rọ̀ ni?” ni ẹnì kan bi í lẹ́yìn. Dírẹ́bà ní, “Ẹ má bínú, Dádì. Mo ti mọ̀ ọ́n, ọwọ́ mi ló máa ń gbàgbé.” Òótọ́ ló sọ. Ọwọ́ èèyàn ní ìrántí tirẹ̀, ẹni tó bá ṣe mọ́tò dáadáa kì í bá a jà.

Ọjọ́ tí òjò bá wá rọ̀ ní tòótọ́, wáípà yẹn náà á fi han yín pé ẹlòmíràn ni wọ́n ṣe òun fún. Wọ́n tò ó kí ó lè nu iwájú ẹni tó jókòó sí ọ̀tún mọ́ tónítóní títí dé etí gíláàsì. Igun tí kì í dé, apá òsì lókè ni, níbi tí èrò ń jókòó sí ní Japan. Igun yẹn gan-an ló wá bọ́ síwájú dírẹ́bà wa. Ẹ máa ń rí i tó ń na ọrùn bí ẹyẹ ìbákà láti lè rí ọ̀nà.

Gbogbo èyí, èèyàn lè fara dà á. Èyí tí mi ò lè fara dà ni iná iwájú.

Iná dímù mọ́tò kì í tàn lọ gbọọrọ bí àwọn kan ti rò. Ó máa ń wálẹ̀ ní apá ibi tí ọkọ̀ mìíràn ti ń bọ̀, kí ó má baà gún un lójú, á wá gòkè díẹ̀ ní apá etí títì, kí dírẹ́bà lè rí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Ní Japan, etí títì wà ní òsì, nítorí náà apá òsì ni iná náà ń gòkè sí. Ẹ gbé irú iná bẹ́ẹ̀ wá sí ọ̀nà LASU sí Ìṣẹrí, níbi tí a ti ń gba ọwọ́ ọ̀tún. Ojú ẹni tó ń bọ̀ ló ń gòkè lọ bá. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn létí títì lápá ọ̀tún sì wà nínú òkùnkùn. Dírẹ́bà ti dímù tán ní tirẹ̀, kò mọ̀ pé òun ń fọ́ èèyàn lójú. A ó máa bú u pé aláìgbọ́ràn ni, òun náà á máa bú wa padà. Ní àárín ìmọ́lẹ̀ méjì tó kọjú síra wọn bẹ́ẹ̀, ìyá tó gbé ọmọ pọ̀n tó ń sọdá ní Àkẹ̀sán kò hàn sí ẹnikẹ́ni nínú àwọn dírẹ́bà méjèèjì. Ìgbà tí ó bá sún mọ́ wọn gan-an ni wọ́n á tó rí i.

Ṣé kò sẹ́ni tó mọ èyí ni? Wọ́n mọ̀ ọ́n tipẹ́. Nígbà tí orílẹ̀-èdè Sweden yí láti ọwọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún ní ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án 1967, sítíárìn ọ̀pọ̀ mọ́tò wọn ti wà ní òsì tẹ́lẹ̀, kò sí ìdí láti fọwọ́ kàn án. Iná ni wọ́n ṣe. Wọ́n pààrọ̀ iná iwájú, wọ́n sì tún ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì ṣe kí ilẹ̀kùn wọn lè wà ní apá ọ̀tún. Àwa wá gbé sítíárìn, a fi iná sílẹ̀. Títí di òní, Gẹ̀ẹ́sì tó bá ń wa mọ́tò rẹ̀ lọ sí Faransé yóò lẹ nǹkan pélébé kan mọ́ ojú iná rẹ̀, tí yóò dí apá tó ń gòkè yẹn. Kò ná an lówó púpọ̀. Tó bá padà délé, á ṣí i kúrò.

Mo bi réwáyà kan ní Ìdímù pé, ṣé wọ́n máa ń ṣe iná fún àwọn kòròpé tí wọ́n bá yí? Ó wò mí tìyanu-tìyanu. Ó ní, “Bàbá, iná yẹn ń tàn dáadáa. Bí kò bá tàn ni wọ́n ń gbé e wá.” Mi ò bá a jà. Ẹni tó fẹ́ sanwó ọjọ́ fún ọlọ́kọ̀, tó fẹ́ rówó epo, tó fẹ́ gbé oúnjẹ délé, kò ní ìdí láti ronú sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gòkè sí. Àwọn tó gbé mọ́tò náà wọ̀lú tí wọ́n sì jèrè rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n ronú sí i, wẹ́dà tó gba owó iṣẹ́ sì yẹ kí ó mọ̀ pé iṣẹ́ òun kò tíì parí nígbà tí sítíárìn bá ti dúró. Àwọn VIO tó ń yẹ ọkọ̀ wò náà ní ipa tiwọn, nítorí ìwé ọkọ̀ kì í fọ́ni lójú lóru, iná ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kòròpé, tàbí ọkọ̀ mìíràn tí wọ́n yí ọwọ́ rẹ̀, ẹ gbé e dojú kọ ògiri tí kò ní ọ̀dà aláràbarà lára ní ìrọ̀lẹ́. Kí ó jìnnà sí i bíi mítà 5, kí ilẹ̀ ibẹ̀ sì tẹ́jú. Ẹ jókòó sídìí sítíárìn, ẹ tan dímù, ẹ wo etí ìmọ́lẹ̀ náà lára ògiri. Bí ó bá gòkè ní apá ọ̀tún yín, kò séwu, ẹ máa lọ. Bí ó bá gòkè ní apá òsì, ẹ má tíì wà á jáde lóru. Ẹ gbé e tọ réwáyà lọ, kí ẹ sì mú un wá síwájú ògiri náà kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i.