Ewéko Tó Mọ̀ Ọ́n Dúró

Òdòdó kọ́ ni Roberto Burle Marx fi ń dá ojú èèyàn dúró nínú ọgbà. Òdòdó á tàn, á sì rẹ̀. Ìdúró ewéko ló ń wò: èwo ló na apá, èwo ló ká jọ sílẹ̀, èwo ló ṣe gbọọrọ lọ sókè tí kò ka ẹnikẹ́ni sí. Ayàwòrán ọmọ Bràsíìlì ni, ojú ayàwòrán ló sì gbé wọnú iṣẹ́ ọgbà ní 1932, nígbà tó ṣe ti àkọ́kọ́ fún ìdílé Schwartz ní Copacabana, nínú ilé tí Lúcio Costa àti Gregori Warchavchik yà.

São Paulo ni wọ́n bí i sí ní 1909, Rio ló sì dàgbà sí. Síbẹ̀, Jámánì ló ti kọ́kọ́ fi ojú pàtàkì wo ewéko ilẹ̀ ìbí rẹ̀. Ní 1928 ni ìdílé rẹ̀ lọ gbé ní Berlin fún ìgbà díẹ̀. Nínú ọgbà ewéko tó wà ní Dahlem, lábẹ́ ilé onígíláàsì, ló ti bá àwọn ewéko igbó Bràsíìlì pàdé, tí àwọn ará Jámánì ń tọ́jú bí ẹyin ojú. Ní Rio ayé ìgbà yẹn, ohun tí wọ́n kó wá láti Yúróòpù làwọn olówó ń gbìn síwájú ilé. Ti igbó, koríko lásán ni wọ́n kà á sí.

Nígbà tí wọ́n fi í ṣe olórí àwọn ọgbà ìlú ní Recife ní 1934, ó kó àwọn igi ẹlẹ́gùn-ún láti ilẹ̀ gbígbẹ ẹ̀yìn odi wá sí gbàgede Euclides da Cunha, láàárín ìgboro. Ẹni tó bá mọ ọrọ́ nílẹ̀ wa mọ irú ìdúró bẹ́ẹ̀: kò sí ewé, kò sí ìbòjì, ara igi nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Àwọn kan bínú, wọ́n ní ó fẹ́ sọ ìlú di igbó. Lójú tèmi, ìgboyà tó wà nínú ọgbà yẹn ju ti ọ̀pọ̀ èyí tó ṣe lẹ́yìn náà lọ.

Ní 1949, òun àti Siegfried, ọmọ ìyá rẹ̀, ra oko kan ní Guaratiba, níhà ìwọ̀-oòrùn Rio. Ibẹ̀ ló ń kó ewéko jọ sí títí ó fi ju irú 3,500 lọ. Ó ta ìjọba lọ́rẹ oko náà ní 1985, ó kú ní 1994, UNESCO sì ka oko náà mọ́ ogún gbogbo ayé ní 2021. Àmọ́ ìtàn nìyẹn. Ògiri kan ni mo fẹ́ kí a jọ wò níbẹ̀. Òkúta gbígbẹ́ tó ti wà lára àwọn ilé àtijọ́ tí wọ́n wó ní Rio ni wọ́n fi tò ó: èyí yọ síta, èyí wọlé. Ewéko ló sì jókòó sórí àwọn òkúta wọ̀nyẹn.

Nínú àwọn ewéko tí ọ̀gá yìí fẹ́ràn jù ni Alcantarea imperialis, ìbátan ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Ẹ ti rí bí ewé ọ̀pẹ̀ òyìnbó ṣe ń tò yípo nínú oko. Ewé tirẹ̀ gùn tó mítà kan, ó fẹ̀, etí rẹ̀ kò ní ẹ̀gún, bí oòrùn bá sì ti ń pa á dáadáa, abẹ́ ewé náà á pọ́n. Ìdí ewé kan gbá ìdí èkejì mọ́ra pinpin débi tí omi òjò fi ń dúró sáàárín wọn, inú omi yẹn ló sì ti ń mu. Gbòǹgbò rẹ̀ kò ṣe ju kó di òkúta mú lọ. Lára àpáta gíga tó wà nítòsí Petrópolis àti Teresópolis ló ti ń hù, níbi tí iyẹ̀pẹ̀ kò sí. Nítorí náà, nígbà tí Burle Marx bá gbé e lé orí òkúta, ilé rẹ̀ ló dá a padà sí. Èyí ni mo gbóríyìn fún jù: ẹwà tó ń wá àti ohun tí ewéko náà nílò bọ́ sójú kan náà. Kò ṣèèṣì. Òun àti àwọn onímọ̀ ewéko bíi Henrique Lahmeyer de Mello Barreto ti jọ rìn nínú igbó àti lórí òkè, ó mọ ibi tí ohun kọ̀ọ̀kan ti ń hù.

(Ẹni tó bá ń ronú ẹ̀fọn kò jẹ̀bi. Àwọn oníwàádìí wò ó ní Rio, wọ́n sì rí i pé ẹ̀fọn tó ń tan ibà dengue kì í fi bẹ́ẹ̀ yé sínú omi ewéko yìí. Táyà àti korobá tó wà lẹ́yìnkùlé ló yẹ ká kọ́kọ́ fura sí.)

Ọgbà tó ṣe fún Odette Monteiro ní 1948, ní Corrêas, lórí òkè Petrópolis, fi apá kejì iṣẹ́ náà hàn. Àfonífojì ni, àpáta ńlá yí i ká. Ẹlòmíràn ì bá fi igi dí wọn kí ọgbà lè dá dúró. Òun fa àpáta wọlé. Ó tẹ́ ewéko irú kan náà lọ salalu, àwọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀ mìíràn, débi tí ojú fi ń tẹ̀ lé wọn lọ bá òkè. Kò sí ẹyọ méjì níbí, ẹyọ mẹ́ta lọ́hùn-ún. Àyè tó ṣófo pọ̀, òun ló sì jẹ́ kí ewéko tó ní ìdúró lè hàn.

Àyè yìí gan-an ló ń wọ́n nínú ọgbà ilé tiwa. A ní pèrègún tó ń ṣọ́ ààlà oko, tí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sì mú ìlò rẹ̀ dé ilé ẹ̀sìn Candomblé ní Bràsíìlì. A ní ojá ìkookò tó dúró ṣánṣán bí idà. Síbẹ̀, tí a bá kọ́ ilé tuntun tán, a ó to ìkòkò òdòdó ogún sí ẹsẹ̀ ògiri, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fa ojú lọ́tọ̀.

Ojú tó mú bíi ti Burle Marx ní ìpalára tirẹ̀ o. Nígbà tí Alcantarea di ohun tí gbogbo ọlọ́gbà ń fẹ́, àwọn kan gun àpáta lọ ń fà á tu láti tà. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń dàgbà kó tó yọ igi òdòdó rẹ̀, tó lè ga tó mítà mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì ń yọ ọ́ kó tó kú, nítorí náà èyí tí wọ́n bá fà tu kì í tètè ní arọ́pò. Èyí tí wọ́n fi irúgbìn gbìn wà lọ́jà báyìí. Ó kéré nígbà tí èèyàn bá ń rà á, ó sì gba sùúrù.