Àyẹ̀wò Tó Já Àbá Ọ̀gá Nírọ́

Bakitéríà Escherichia coli tó ń gbé inú ìfun ènìyàn kì í ṣe àpà. Ẹ fún un ní glúkóòsì àti láktóòsì, ìyẹn súgà inú wàrà, pa pọ̀: glúkóòsì ni yóò kọ́kọ́ jẹ. Bí ìyẹn bá tán, yóò dúró ná, kò ní pọ̀ sí i, kò sì ní kú. Ó tó ìgbà díẹ̀ kó tó kọjú sí láktóòsì. Jacques Monod ló fa irú ìdúró bẹ́ẹ̀ sórí ìwé níbi ìwádìí tó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Paris ní 1941: ìlà kan tó gòkè, tó tẹ́jú, tó tún gòkè. Níbi tí ìlà yẹn ti tẹ́jú, bakitéríà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe énsáìmù tí yóò fi gé láktóòsì sí méjì ni. Agbára kékeré kọ́ ló ń bá ṣíṣe énsáìmù lọ, nítorí náà kì í ṣe é sílẹ̀ de ohun tí kò tíì rí.

Ta wá ni ó ń sọ fún jíìnì pé láktóòsì ti dé? Àwọn bakitéríà kan wà tí jíìnì wọn ti bàjẹ́, tí wọ́n ń ṣe énsáìmù náà tọ̀sán-tòru bí láktóòsì ò tilẹ̀ sí. Monod pe jíìnì tó bàjẹ́ lára wọn ní i. Èyí tí énsáìmù fúnra rẹ̀ ti ń jáde, ó pè é ní z. Àbá tirẹ̀ ni pé àwọn aláìsàn wọ̀nyí ń ṣe ohun kan tó jọ láktóòsì nínú ara wọn, òun ló sì ń ta z jí.

Ní Ilé Ìwádìí Pasteur ní Paris, níbi tí Monod ti ń ṣiṣẹ́, ni François Jacob náà wà, ẹni tí ì bá di oníṣẹ́ abẹ bí kì í bá ṣe ọgbẹ́ tó gbà lójú ogun ní Normandy ní 1944. Òun àti Élie Wollman ti rí i pé akọ bakitéríà máa ń ti DNA rẹ̀ sínú abo ní ìtò-ìtò, láìkánjú. Bùlẹ́ńdà ilé ìdáná ni wọ́n fi ń já wọn kúrò lára ara wọn, wọ́n á sì mọ jíìnì tó ti wọlé ní ìṣẹ́jú wo.

Ní 1957, Arthur Pardee dé láti Berkeley, ní California, òun, Jacob àti Monod sì to àyẹ̀wò kan. Wọ́n mú akọ tí z àti i rẹ̀ pé, wọ́n mú abo tí méjèèjì ti bàjẹ́ lára rẹ̀, wọ́n pa wọ́n pọ̀ nínú omi tí kò ní láktóòsì. Ẹ wò ó dáadáa. Akọ ò ní ṣe énsáìmù, torí láktóòsì ò sí. Abo ò lè ṣe é, torí z rẹ̀ ti bàjẹ́. Énsáìmù yòówù tó bá yọjú nínú ìgò yẹn, inú abo tí z akọ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ló ti wá, kò tún sí ibòmíràn. Wọ́n tún da streptomycin sí i, oògùn tó ń pa akọ ṣùgbọ́n tí kò ran abo, kí akọ má baà da ìṣirò wọn rú.

Énsáìmù kò ṣeé fojú rí. Wọ́n ń bu díẹ̀ nínú omi náà lóòrèkóòrè, wọ́n ń kán tólúìnì sí i kí ara bakitéríà lè là, wọ́n á wá fi èròjà kan tí kò láwọ̀ kún un. Bí énsáìmù bá wà níbẹ̀, yóò gé èròjà náà, omi á sì di aláwọ̀ ìyeyè. Bí àwọ̀ yẹn bá ṣe yá tó láti jinlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni énsáìmù ṣe pọ̀ tó. Eèrà tí wọ́n fẹ́ rí ìfun rẹ̀ nìyẹn, wọ́n sì fi sùúrù pa á.

Kò pẹ́ tí z wọlé tí àwọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, pẹ̀lú agbára. Ká ní òótọ́ ni àbá Monod, kò yẹ kó dúró mọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn wákàtí kan àti díẹ̀, iṣẹ́ dúró. Wọ́n fi èròjà tó jọ láktóòsì sí i, iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀. A jẹ́ pé mẹ́gàdì ni i ń bí, tó ń ti z mọ́lé. Inú abo kò ní mẹ́gàdì kankan nígbà tí z wọlé, ló fi rí àyè ṣiṣẹ́. Nígbà tí i akọ ti bí tirẹ̀ tó, géètì tì. Láktóòsì ló ń mú un kúrò lẹ́nu géètì.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti wú mi lórí jù ni pé wọ́n yí i po. Wọ́n mú akọ tí méjèèjì ti bàjẹ́, wọ́n mú abo tí tirẹ̀ pé. Jíìnì tó pàdé nínú abo kò yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́ rárá, síbẹ̀ àwọ̀ kankan ò yọ. DNA nìkan ni akọ ń fún abo, bóyá ni nǹkan mìíràn nínú ara rẹ̀ ń tẹ̀ lé e. Ohun tó dá z dúró, inú abo ló ti wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gba àbá Monod là kò ní ibi tí yóò gbé ẹsẹ̀ lé mọ́, Monod fúnra rẹ̀ sì gbà bẹ́ẹ̀.

Wọ́n tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 1959. Ní 1961, Jacob àti Monod kọ àlàyé rẹ̀ kíkún, àwọn àti André Lwoff sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1965. Pardee kò sí nínú wọn. Nínú àlàyé 1961 yẹn, wọ́n ní ó jọ pé RNA ni mẹ́gàdì náà. Ní 1966, Walter Gilbert àti Benno Müller-Hill mú un lọ́wọ́ ní Harvard: púrótéènì ni, bíi mẹ́wàá péré fún jíìnì kan. Gbogbo ohun tí ìgò sọ fún àwọn ará Paris ló dúró láìyẹ̀. Ibi tí wọ́n ti fi tiwọn kún un ni wọ́n ti ṣì í.